Oorun Ọ̀sán Kò Lè Ṣe Iṣẹ́ Oorun Òru: Lẹ́tà sí Àwọn Àgbà Àrẹ̀mọ

Sí ẹ̀yin mọ́gàjí gbogbo agboolé Àrẹ̀mọ ní Ìbàdàn. Ẹ̀yin ìmáàmù, ẹ̀yin àlùfáà àti wòlíì tí ilé ìjọsìn yín wà láàárín wa. Ẹ̀yin olóyè ẹgbẹ́ onílé. Ẹ̀yin tí ẹ ń fi ẹ̀rọ gbohùngbohùn rẹ́ǹtì fún òde ìnáwó. Àti ẹ̀yin wolé-wolé ìjọba ìbílẹ̀ wa:

Ẹ̀yin lẹ ń parí ìjà ilẹ̀ kí ó tó di ti ọlọ́pàá. Ẹ̀yin lẹ ń bá wa sin òkú, tí ẹ ń bá wa sọ ọmọ lórúkọ, láìbéèrè ẹ̀sìn tí olúwarẹ̀ ń ṣe. Ọlọ́run yóò dá yín sí fún wa. Ọmọ yín ni mí, nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìntì. Àrẹ̀mọ ni mo ti ń jáde lọ síbi iṣẹ́ nígbà náà, Àrẹ̀mọ náà ni mo wà títí di òní. Bí ohùn mi bá le níwájú, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má pè é ní àrífín. Ọ̀rọ̀ náà ló le.

Gbólóhùn kan ló mú mi gbé kálàmù. Ní ìpàdé àdúgbò tó kọjá, ìyá ìkókó kan dìde pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn rẹ̀, ó bẹ̀bẹ̀ pé kí a wá nǹkan ṣe sí ariwo òru. Ẹ dá a lóhùn pé ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn àti ọ̀rọ̀ ìnáwó ni, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Lẹ́yìn náà ni ẹ fi kún un pé ẹni tí kò bá rí oorun sùn lóru, kó sùn lọ́sàn-án, pé oorun ni oorun ń jẹ́. Àwọn kan pàtẹ́wọ́. A sì kọjá sórí owó tiransifọ́mà.

Oorun kì í ṣe oorun lásán, ẹ̀yin àgbà mi. Àsìkò tí a sùn ún ló ń sọ ohun tí yóò ṣe lára wa. Ìdí lẹ́tà yìí nìyẹn, gbogbo ohun mìíràn tí mo bá sọ, abẹ́ rẹ̀ ló wà.

Ẹ mọ bí ọ̀sẹ̀ wa ṣe ń rí. Bó bá di alẹ́ Jímọ́ọ̀, àìsùn ìjọ á bẹ̀rẹ̀ ní aago mọ́kànlá, wọ́n á gbé gbohùngbohùn síta, wọ́n á kọjú rẹ̀ sí ilé àwọn tí kò wá. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, ìnáwó á gba ojú títì, àwọn olórin kò ní palẹ̀ mọ́ títí aago mẹ́ta òru. Lọ́jọ́ mìíràn, wáàsí ni, tàbí ìsọ́jí ọlọ́jọ́ méje, jẹnẹrétọ̀ á sì máa bá gbogbo rẹ̀ gbè lẹ́sẹ̀. Àdúgbò wa kò sì rí bíi ti àwọn tó kọ́lé sí òréfèé. Páánù kan páánù, ògiri ilé ẹnìkan ni ògiri ilé ẹnìkejì, fèrèsé sì ní láti ṣí nítorí ooru. Ohun tó ń ṣe Abọ́yadé, gbogbo ọlọ́yà ló ń ṣe: Mùsùlùmí kò rí oorun sùn nítorí àìsùn ìjọ, Kristẹni kò rí oorun sùn nítorí wáàsí, àwọn méjèèjì kò sì rí oorun sùn nítorí ìnáwó.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ara, torí bóyá bí a bá mọ̀ ọ́n, a kò ní sọ irú gbólóhùn yẹn mọ́.

Àwọn kẹ́míkà kan wà tí ara wa fúnra rẹ̀ ń ṣe, họ́mọ̀nù ni à ń pè wọ́n. Ẹ̀jẹ̀ ló ń gbé wọn káàkiri láti jíṣẹ́: kí ọmọ dàgbà, kí ojú ọgbẹ́ jiná, kí ebi pa wá, kí a jí. Wọn kì í jáde bákan náà ní gbogbo wákàtí. Aago kan wà nínú ara tó ń darí wọn, àwọn ọ̀mọ̀wé Amẹ́ríkà mẹ́ta, Jeffrey Hall, Michael Rosbash àti Michael Young, sì gba ẹ̀bùn Nobel ní 2017 nítorí pé wọ́n tú àṣírí bí aago náà ṣe ń ṣiṣẹ́. Bí ilẹ̀ bá ṣú tí ìmọ́lẹ̀ dín kù lójú wa, ẹṣẹ́ kékeré kan nínú ọpọlọ á bẹ̀rẹ̀ sí í tú melatonin jáde. Òun ló ń kéde fún gbogbo ara pé òru ti dé. Bí iná gìrìwò òde ìnáwó bá kọjú sí fèrèsé, tàbí tí ènìyàn ń wo fóònù nítorí kò rí oorun sùn, melatonin á dín kù, ara á rò pé ilẹ̀ kò tíì ṣú. Họ́mọ̀nù kejì ni cortisol, òun ló ń múra wa sílẹ̀ fún ìyọnu ọjọ́. Ní àyíká ọ̀gànjọ́ òru ló máa ń lọ sílẹ̀ jù lọ. Kí ó tó di àfẹ̀mọ́jú, ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè, kété tí a bá sì jí ni yóò dé téńté rẹ̀. Àwọn méjèèjì yìí, aago inú ara ni wọ́n ń gbọ́ràn sí lẹ́nu. Wọn kò fi bẹ́ẹ̀ wo bóyá a sùn tàbí a kò sùn.

Họ́mọ̀nù ìdàgbàsókè yàtọ̀ sí wọn, oorun gan-an ló ń tẹ̀ lé. Ní 1968, Takahashi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ méjì ní Amẹ́ríkà fi hàn pé kété tí ènìyàn bá sùn, tí oorun ìjìkà àkọ́kọ́ gbé e lọ, ni ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ máa ń tú jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Orúkọ rẹ̀ lè mú kí a rò pé ọmọdé nìkan ló wà fún. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Òun wà lára ohun tí àgbàlagbà fi ń tún iṣan àti egungun tó ti ṣiṣẹ́ ṣe.

Ẹni tó bá sùn ní aago mẹ́wàá alẹ́, gbogbo wọn bára mu lára rẹ̀. Họ́mọ̀nù ìdàgbàsókè tú jáde nígbà tí melatonin pọ̀, tí cortisol sì wà nílẹ̀. Ara wá rí àyè tún ara ṣe. Àmọ́ ẹni tí àìsùn kò jẹ́ kó pajú dé títí aago mẹ́rin, cortisol rẹ̀ ti ń gòkè kó tó fẹ̀yìn lélẹ̀. Aago inú rẹ̀ ń sọ pé kó dìde, àárẹ̀ ń sọ pé kó sùn. Bó bá wá sùn lọ́sàn-án gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe gbà á nímọ̀ràn, ìmọ́lẹ̀ ń bẹ, ooru páánù ń bẹ, cortisol kò tíì sọ̀ kalẹ̀, àwọn ọlọ́jà ń pe oníbàárà lẹ́nu ọ̀nà. Oorun bẹ́ẹ̀ á kúrú, á sì máa já. Ẹni tó ń gbá ọjà wa, Ọjà'ba, kò lè gbá a mọ́ nígbà tí àtẹ ṣì wà nílẹ̀, bó ti wù kó mú ìgbálẹ̀ tó.

Mo mọ oorun ọ̀sán dáadáa, torí iṣẹ́ òru wà lára iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Mo rí ohun tó ń ṣe lára àwọn ẹlẹgbẹ́ mi: nǹkan oṣù tó ń ṣe ségesège, inú tí kì í da oúnjẹ, ara wíwú, ìbínú tí kò nídìí. Àwa kò ní kí wọ́n má ṣiṣẹ́ òru, aláìsàn kò lè dá wà. Ṣùgbọ́n iye tí ó ń ná ara pọ̀. Ní 2007, àjọ tó ń ṣèwádìí àrùn jẹjẹrẹ lábẹ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé ka iṣẹ́ òru mọ́ àwọn ohun tó ṣeé ṣe kó máa fa jẹjẹrẹ, wọ́n tún yẹ̀ ẹ́ wò ní 2019, wọn kò yí ìdájọ́ náà padà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fiyè sí i: àwọn òṣìṣẹ́ yìí ń sùn. Ọ̀sán ni wọ́n ń sùn ún. Bó bá jẹ́ pé oorun ni oorun ń jẹ́, kí ló dé tí àjọ náà fi ń bẹ̀rù?

Mo fẹ́ kí a sọ ọ́ dé orí àwọn ènìyàn wa. Alábàárù tó ń ru ẹrù ní Ọjà'ba, bíríkìlà tó ń fi ọwọ́ po kọnkéré, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń gbá bọ́ọ̀lù láti lè wọ ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù kan, ara ni gbogbo wọn fi ń jẹun. Ní 2021, àwọn olùwádìí Yunifásítì Deakin ní Ọsirélíà ní kí àwọn ọ̀dọ́ mẹ́tàlá, ọkùnrin àti obìnrin, má sùn ní òru ẹyọ kan. Nígbà tí wọ́n yẹ iṣan wọn wò lọ́jọ́ kejì, bí iṣan ṣe ń kọ́ ara rẹ̀ padà ti dín kù ní ìdá 18 nínú ọgọ́rùn-ún. Cortisol tí ń jẹ iṣan run gòkè ní ìdá 21, testosterone tó ń gbé iṣan ró sì lọ sílẹ̀ ní ìdá 24. Òru kan péré o. Ní Chicago, ìwádìí tí wọ́n gbé jáde ní 2011 fi hàn pé àwọn ọ̀dọ́kùnrin tó ń sùn wákàtí márùn-ún lálẹ́ fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan pàdánù ìdá 10 sí 15 nínú ọgọ́rùn-ún testosterone tí wọ́n máa ń ní lọ́sàn-án. Kì í ṣe arúgbó ni wọ́n, kò sì sí àìsàn kankan lára wọn. Nígbà tí alábàárù bá jí lọ́jọ́ Àìkú tó ní ẹ̀yìn ń dun òun, tó mu oògùn ara ríro pẹ̀lú paraga, ẹ má sọ pé iṣẹ́ nìkan ló pa á. Ẹ ti gba àtúnṣe òru rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ebi náà ní họ́mọ̀nù tirẹ̀. Ní Chicago yìí kan náà, ní 2004, àwọn ọkùnrin tí wọ́n jẹ́ kí wọ́n sùn wákàtí mẹ́rin fún alẹ́ méjì péré, họ́mọ̀nù tó ń sọ pé a ti yó dín kù nínú wọn, èyí tó ń pe ebi sì pọ̀ sí i. Oúnjẹ dídùn àti oúnjẹ tó ń múni sanra ni ọkàn wọn ń fà sí. Ẹ wo iye àwa tí à ń sọ̀rọ̀ àtọ̀gbẹ ní Àrẹ̀mọ báyìí.

Ìyá ìkókó tí ẹ dá lóhùn yẹn ńkọ́? Họ́mọ̀nù tó ń mú ọmú wá máa ń pọ̀ lóru ju ọ̀sán lọ. Òru ni ara rẹ̀ fẹ́ fi ṣiṣẹ́ fún ọmọ, òru sì ni à ń já oorun gbà lójú rẹ̀. Kò béèrè owó lọ́wọ́ wa. Ó béèrè kí ilẹ̀ tòrò.

Mo tún gbọ́ tí ẹnìkan ní ìpàdé náà sọ pé ariwo ti mọ́ òun lára, òun ń sùn sínú rẹ̀. Etí lè gbà á bẹ́ẹ̀, ọkàn kò gbà. Bí oorun bá dára, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ máa ń sọ̀ kalẹ̀ lóru ní bí ìdá 10 sí 20 nínú ọgọ́rùn-ún, kí òpó ẹ̀jẹ̀ lè sinmi. Ìlù tó bá dún lójijì á mú kí ọkàn sáré, á mú kí họ́mọ̀nù adrenaline tú sínú ẹ̀jẹ̀, bí ènìyàn kò tilẹ̀ la ojú. Ìlú tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọládípọ̀ Akínkúgbè ti fi ọ̀pọ̀ ọdún tọ́jú ẹ̀jẹ̀ ríru ní ilé ìwòsàn UCH kò yẹ kó jẹ́ ìlú tí a ti ń sọ pé a ti bá ariwo lò. Ní UCH yìí náà, Ọ̀jọ̀gbọ́n Oyè Gureje àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ lé àwọn arúgbó ilẹ̀ Yorùbá fún ọ̀pọ̀ ọdún, wọ́n sì kọ̀wé ní 2011 lórí àìróorunsùn láàárín wọn. Mi ò sọ pé ariwo nìkan ló fa àìsàn wọ̀nyí. Mo ń sọ pé òun ni èyí tí a lè pa lálẹ́ òní, láì ra oògùn kankan.

Ẹ̀yin aṣáájú ẹ̀sìn, mi ò bá ìsìn jà. Ilé àdúrà ni wọ́n ti bí mi. Ṣùgbọ́n ẹ̀sìn Kristẹni ti wà ní Àrẹ̀mọ láti ayé David Hinderer, ọmọ Jámánì tó wá gbé Ìbàdàn pẹ̀lú Anna aya rẹ̀ ní 1853. Ìsìláàmù ti wà nílùú ṣáájú wọn. Ẹ̀rọ gbohùngbohùn kankan kò sí láyé nígbà náà, ẹ̀sìn méjèèjì sì fìdí múlẹ̀ títí ó fi kan àwa. Ẹ tún wo wéré tí àwọn ọ̀dọ́ fi ń jí aláàwẹ̀ fún sààrì, èyí tí orin fújì Síkírù Àyìndé Barrister ti inú rẹ̀ jáde, tí Dáúdà Epo-Àkàrà ọmọ Ìbàdàn sì ti ibẹ̀ dé ìdí orin àwùrèbe. Orin tí wọ́n dá sílẹ̀ láti jí ènìyàn ni. Àwọn tó dá a sílẹ̀ mọ̀ pé ìlú ti sùn láti alẹ́, pé ó ní wákàtí tí a fi ń jí i. Ta ni ẹ fẹ́ fi wéré jí nísinsìnyí, nígbà tí kò sí ẹni tó sùn?

Kì í sì í ṣe pé ìlú kò lè pa òfin ìdákẹ́jẹ́ mọ́. Lọ́jọ́ ọdún Òkè'bàdàn, àṣà wa ni pé a kì í dáná, gbogbo ilé ló sì mọ̀ ọ́n. Àwọn Gã tó ni Accra ní Gánà máa ń ka ìlù àti ariwo léèwọ̀ fún nǹkan bí oṣù kan lọ́dọọdún kí ọdún Homowo tó dé, ìjọba ìlú sì ń bá wọn ṣọ́ ọ. Bí àwọn kan bá lè pa á mọ́ fún oṣù, àwa lè pa á mọ́ fún wákàtí méje lálẹ́.

Nítorí náà, ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún nìyí.

Ìkínní, láti aago mẹ́wàá alẹ́ títí di aago márùn-ún ìdájí, kí ẹ̀rọ gbohùngbohùn má ṣe kọjú síta mọ́, ì báà ṣe ti ìjọ, ti mọ́ṣáláṣí tàbí ti olórin. Kí àìsùn máa lọ, kí ohùn rẹ̀ mọ sí inú ilé tí a ti ń ṣe é. Ìlànà ìjọba àpapọ̀ lórí ariwo, tó jáde ní 2009, tí àjọ NESREA ń bójú tó, sọ pé òru bẹ̀rẹ̀ ní mẹ́wàá, ó parí ní mẹ́fà, àti pé ariwo àdúgbò tí ènìyàn ń gbé kò gbọdọ̀ ju decibel 35 lọ ní àkókò náà. Ìyẹn kò ju ọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ lọ púpọ̀. Mo dín wákàtí kan kù nínú ohun tí òfin fún wa nítorí ìrun àsùbáà, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé mo ń ṣe ojúsàájú. Nínú oṣù Ramadan, kí a gba ìpè sààrì láàyè, lẹ́ẹ̀kan, ní ṣókí.

Èkejì, kí ẹni tó bá fẹ́ gba ojú títì ṣe ìnáwó mú un láti ọ̀sán, kó kádìí rẹ̀ ní mẹ́wàá. Ẹ̀yin tí ẹ ń rẹ́ǹtì ẹ̀rọ, ẹ kọ wákàtí tí ẹ ó pa á sínú rìsíìtì, kí onínàáwó mọ̀ kó tó sanwó.

Ẹ̀kẹta wà fún ẹ̀yin wolé-wolé. Láyé àtijọ́, bí ẹ bá wọ agboolé, gbogbo ìkòkò omi ló ń gbọ̀n, nítorí ẹ mọ̀ pé ìdin ẹ̀fọn inú omi ń di ibà. Ariwo òru náà ń di àìsàn. Ẹ wá pẹ̀lú ẹ̀rọ tí ń wọn ariwo, ẹ sì wá lóru. Ẹni tó wá wọn ariwo òru ní aago mẹ́wàá òwúrọ̀ kò wá nǹkan kan.

Ẹ̀kẹrin, kí a dá ọ̀rọ̀ yìí padà sórí tábìlì ní ìpàdé tó ń bọ̀, kí ìyá ìkókó yẹn sì gba èsì tó yẹ ọmọ ènìyàn.

Mo fi ọ̀wọ̀ kìlọ̀ pẹ̀lú. Ní 1970, ilé ẹjọ́ gíga ní Èkó gbọ́ ẹjọ́ Abíọ́lá àti Ijeoma. Adìẹ aládùúgbò ló ń ké ní ìdájí tí kò jẹ́ kí olùpẹ̀jọ́ sùn, òórùn wọn náà sì ń dà á láàmú. Ilé ẹjọ́ dá a láre, wọ́n fún un ní owó gba-má-bínú, wọ́n sì pàṣẹ kí ìdààmú náà dópin. Bí adìẹ bá jẹ̀bi, kí ni a ó sọ nípa gbohùngbohùn mẹ́rin? Ní 2016, ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ti ṣọ́ọ̀ṣì 70 àti mọ́ṣáláṣí 20 pa nítorí ariwo. Mi ò fẹ́ kí irú rẹ̀ dé Àrẹ̀mọ. Kò dára kí ọlọ́pàá máa fi àgádágodo ti ilé tí a ti ń pe Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n bí ìpàdé tó ń bọ̀ bá tún sọ fún wa pé kí a lọ máa sùn lọ́sàn-án, àwa tí a fọwọ́ sí ẹ̀dà lẹ́tà yìí yóò kọ̀wé sí NESREA, a ó sì gba lọ́yà. A ti ń dá owó rẹ̀ jọ. Àwọn ọmọ wa tó ti kó lọ sí Akóbọ̀ àti Mọníyà ti dá tiwọn, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì sọ fún mi pé nítorí àìróorunsùn ni àwọn kò ṣe mú ọmọ wá sí ilé bàbá wọn mọ́ lópin ọ̀sẹ̀.

Kí ẹ tó pinnu, ẹ jẹ́ kí mọ́gàjí kan, ìmáàmù kan àti àlùfáà kan bá mi jókòó ní iyàrá ìyá ìkókó náà ní alẹ́ Àbámẹ́ta tó ń bọ̀, láti aago mọ́kànlá títí di aago mẹ́ta. Àga ti wà nílẹ̀. Mo ti bá ìyá náà sọ ọ́, ó gbà.

Èmi ni, pẹ̀lú ọ̀wọ̀,
Nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìntì,
Àrẹ̀mọ, Ìbàdàn.